Ojú Irin àti Wáyà Iná: Àṣẹ Ti Dé Ọwọ́ Ìpínlẹ̀

 

Wọ́n ní kí n wá sọ ibi tí ìjọba bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin dé, kí n sì sọ ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná dé, pàápàá jù lọ bí àwọn ọkọ̀ náà yóò ṣe máa rí iná ṣáàjì. Àwọn kan lè máa wò ó pé ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Lójú tèmi, ọ̀kan ṣoṣo ni, ẹ jẹ́ kí n sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti so pọ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe 16 sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé ọ̀rọ̀ ojú irin kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ nìkan mọ́, pé ìpínlẹ̀ náà lè ṣòfin lé e lórí. Òmíràn sọ pé ìpínlẹ̀ lè pèsè iná, kí ó gbé e, kí ó sì pín in, títí kan ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ ti dé. Ṣáájú ìgbà náà, ibi tí wáyà yẹn kò bá dé nìkan ni òfin gba ìpínlẹ̀ láyè láti pín iná. Ọ̀sẹ̀ ìdìbò gómìnà ni ìròyìn náà jáde, ariwo ìdìbò sì bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ yẹn, gómìnà kankan ní ilẹ̀ Yorùbá kò lè sọ mọ́ pé Àbújá ni kò jẹ́ kí òun tẹ́ irin, tàbí pé Àbújá ni kò jẹ́ kí òun fa wáyà. Ìdí tí mo fi dúró níwájú yín nìyí: àṣẹ ti dé, iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn àṣẹ ni kò tíì dé, iṣẹ́ yẹn kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń gé rìbọ́ọ̀nù sí.

Nígbà tí àṣẹ wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn

Ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìddó. Irin náà gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì wọ Ìbàdàn ní 1901. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ tẹ́ ẹ kò fara sin: wọ́n fẹ́ kí irè oko wa dé etí òkun kíákíá. Síbẹ̀, Agége, Ìfọ̀, Láfẹ́ńwá àti Òmi-Adió rí ọjà àti èrò nítorí rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó wà níbí, wọn yóò sọ fún yín bí wọ́n ṣe máa ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà láti oko, tí wọ́n sì ń fi mọ aago tó lù.

Nígbà tí a gba òmìnira, irin náà wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ibẹ̀ náà ló sì jókòó sí. Nínú ìwé òfin ọdún 1999, nọ́ńbà 55 nínú ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí ni ojú irin. Ohun tí èyí ná wa kò kéré. Alhaji Lateef Jakande ni gómìnà Èkó nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Metroline, ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí ì bá ti máa kó àwọn ará Èkó láti ọdún bí 40 sẹ́yìn. Àwọn ológun gba ìjọba ní ìparí ọdún 1983, nígbà tó sì di 1985, ìjọba Ọ̀gágun Buhari fagi lé e. Owó ìtanràn àti àdánù tó bọ́ lọ́wọ́ Èkó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là, a kò sì rí bọ́gì kan ṣoṣo fi hàn. Buhari kan náà ló padà wá gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá, ní oṣù kìíní ọdún 2023, láti ṣí ọkọ̀ ojú irin ìgboro Blue Line fún Èkó. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n fagi lé Metroline ti lé ní ẹni ọdún 37 lọ́jọ́ yẹn.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun rí ọgbọ́n mìíràn dá. Nígbà ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, wọ́n máa ń háyà ọkọ̀ ojú irin lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà Iléyá àti Kérésìmesì, kí ó kó àwọn ọmọ Ọ̀ṣun láti Èkó lọ sí Òṣogbo láìgba kọ́bọ̀. Àwọn kan pè é ní ètò òṣèlú. Èmi gbà pé ó fi ohun kan hàn wá: ìpínlẹ̀ tí kò ní àṣẹ lórí irin, tí kò ní ọkọ̀ kankan, rí i pé àwọn ènìyàn òun ń fẹ́ ẹ, ó sì wá ọ̀nà. Àwọn tó wọ ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú àgbò Iléyá wọn kò tíì gbàgbé.

Ohun tí Èkó ti ṣe

Ibi tí ìlọsíwájú ti hàn sójú jù ni Èkó, mo sì fẹ́ yìn wọ́n dáadáa kí n tó béèrè ohunkóhun. Blue Line bẹ̀rẹ̀ nígbà Babátúndé Fáṣọlá. Gómìnà mẹ́ta ni iṣẹ́ náà là kọjá, kò sì sí èyí tó fagi lé e nínú wọn. Lórílẹ̀-èdè yìí, ìyẹn nìkan tó ohun tí a lè máa kọ́ ọmọ wa nílé-ìwé. Apá àkọ́kọ́, láti Marínà dé Mile 2, jẹ́ kìlómítà 13 pẹ̀lú ibùdó márùn-ún. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Wọ́n ń tẹ̀ síwájú lọ sí Okokomaiko.

Ẹ bá mi wo bí ọkọ̀ yẹn ṣe ń rí iná lò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Yàtọ̀ sí irin méjì tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń tẹ̀, irin kẹta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n fi ìbòrí bò ó lórí. Iná tó lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Irin pẹlẹbẹ kan tó yọ lábẹ́ ọkọ̀ ń rìn mọ́ ọn lára, ìyẹn ló ń fa iná wọ inú ẹ̀rọ ọkọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ọ̀nà náà sókè níbi púpọ̀, tí wọ́n sì ṣe ọgbà yí i ká níbi tó wà nílẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ gé e kọjá. Kò sí èéfín níbẹ̀, kò sí táńkì dísù. Bí iná kò bá sì sí, ọkọ̀ kò ní kúrò lójú kan. Nítorí náà ni Èkó fi ṣètò iná tirẹ̀ fún un lọ́tọ̀, tí kò gbé e lé NÉPÀ lọ́wọ́. Ètò iná yẹn kì í hàn nínú fọ́tò. Òun gan-an ló jẹ́ kí a lè máa pè é ní ọkọ̀.

Red Line yàtọ̀. Láti Agbádó dé Ọyìngbò, kìlómítà 27, ibùdó mẹ́jọ. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí i ní oṣù kejì ọdún 2024, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Dísù ni ọkọ̀ rẹ̀ ń mu. Àwọn ọkọ̀ náà ní ìtàn: ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe wọ́n fún, gómìnà tuntun dé ibẹ̀, ó ní òun kò ṣe ètò náà mọ́, àwọn ọkọ̀ tuntun fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó láìkó èrò kan, kí Èkó tó rà wọ́n ní 2022. Ẹ rí i pé ohun tó ṣe Jakande, ó ṣe òyìnbó náà.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú Red Line kì í ṣe ọkọ̀ náà, afárá rẹ̀ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ ìjọba lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, níbi tí títì ti gé irin kọjá ní PWD, ní agbègbè Ìkẹjà. Ẹ̀mí ṣòfò. Ilé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kò jìnnà sí wa. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Red Line, wọ́n kọ́ afárá gba orí irin kọjá ní Ìkẹjà, Muṣin, Yàbá àti Ọyìngbò, kí mọ́tò àti ọkọ̀ ojú irin má baà pàdé mọ́. Owó ńlá ló lọ síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń kọrin nípa afárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin máa kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, títì àti irin kò gbọ́dọ̀ pàdé lórí ilẹ̀ kan náà. Gbogbo ibi tí a ṣì ti ń fi igi dí ọ̀nà kí ọkọ̀ lè kọjá, láti Agége wọ Ìfọ̀ lọ, kí ìjọba tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọdún tí wọn yóò mú un kúrò.

Wàyí o, ìbéèrè mi. Ìjọba sọ pé apá àkọ́kọ́ Blue Line lè kó 250,000 ènìyàn lójúmọ́. Nígbà tó pé ọdún kan tí ó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ròyìn pé ó ti kó ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Ẹ pín in sí ọjọ́ inú ọdún, kò ju bí 6,000 lójúmọ́. Mo mọ̀ pé ọmọ tuntun kì í dédé sáré, mo sì mọ̀ pé iye ọkọ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé irin ti wà, ibùdó ti wà, iná ti wà, ohun tó kù ni kí ọkọ̀ máa dé léraléra tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá tó ń lọ ra ọjà kò fi ní máa wo aago. Ẹni tó bá mọ̀ pé bí òun bá pàdánù èyí, òmíràn ń bọ̀ láìpẹ́, yóò fi dánfó sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé wákàtí kan gbáko ni yóò fi dúró kò ní wá rárá. Lórí Red Line, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí irin ìjọba àpapọ̀ ni Èkó ń lò, òun náà ni ọkọ̀ Ìbàdàn ń gbà. Ta ló ń kọ́kọ́ kọjá? Èló ni wọ́n ń san lórí kìlómítà kan? Bí ọkọ̀ Ìbàdàn bá pẹ́, ta ló ń dúró de ta? Ìdáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìlú tó ti gòkè ń pè ní àtúnṣe ojú irin. Irin tuntun wá lẹ́yìn.

Mo ti dárúkọ Ìbàdàn. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, ẹ̀yáwó láti China ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Irin ìlọ àti irin àbọ̀ ló ní, ó fẹ̀, ó dára, ibùdó rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ àwọn ènìyàn ńlá wa: Mobọ́lájí Johnson ní Alágoméjì, Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà. Dísù ni ọkọ̀ rẹ̀ ń mu. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i, ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, dísù tán nínú ọkọ̀ kan lójú ọ̀nà, èrò há sí àárín igbó, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú irin sì tọrọ àforíjì. Mi ò sọ èyí láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọ̀nà tí a ná owó tó tó bẹ́ẹ̀ lé lórí, tí a kò na wáyà sórí rẹ̀, yóò máa wo ojú ọjà epo lójoojúmọ́ títí a ó fi na wáyà náà.

Ọkọ̀ tó ń jẹ iná

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọkọ̀ inú títì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Sẹ́nétọ̀ Ben Murray-Bruce gbé àbádòfin kan lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, pé kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ oníná rọ́pò ọkọ̀ epo, kí ó tó di 2035. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè elépo ni wá, kí ló dé tí a ó fi ọwọ́ ara wa ba ọjà wa jẹ́? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ilé kan náà ka àbádòfin mìíràn lórí ọkọ̀ oníná lẹ́ẹ̀kejì, èyí tó ní kí ilé epo gbogbo ní ibi ìṣáàjì. Ohun tó yí wọn lọ́kàn padà kò ṣòro láti mọ̀. Láàárín ọdún méjèèjì yẹn ni owó ìrànwọ́ orí epo lọ, ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà bẹntiróòlù kúrò ní nǹkan bí ₦190 tó sì fò sókè. Owó epo ló yí àwọn sẹ́nétọ̀ lọ́kàn padà.

Ìjọba ti ṣe nǹkan díẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó ṣíṣe mọ́tò lórílẹ̀-èdè yìí, NADDC, ti gbé ibi ìṣáàjì tó ń lo oòrùn kalẹ̀ ní yunifásítì Sókótó, ti Èkó àti ti Nsukka. LAMATA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní Èkó, àti ilé-iṣẹ́ Oando mú bọ́ọ̀sì oníná wọ Èkó ní 2023 láti fi dán an wò. Ilé-iṣẹ́ MAX ń gbé ọ̀kadà oníná jáde. Gbogbo rẹ̀ dára, gbogbo rẹ̀ sì kéré.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, nítorí owó ló ń sọ òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ká ní bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan gba yúníìtì iná 40, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè rin nǹkan bí kìlómítà 250. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n sọ iná àwọn oníbàárà Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, di ₦225 lórí yúníìtì kan. Pẹ̀lú ₦9,000, bátìrì náà ti kún. Ọkọ̀ epo tó ń jẹ lítà mẹ́jọ lórí kìlómítà 100 yóò jẹ lítà 20 kí ó tó rin ọ̀nà yẹn. Bí a bá ka lítà kan sí ₦900, ₦18,000 nìyẹn. Ìdajì owó gan-an ni ẹni tó ń lo iná jèrè.

Ṣùgbọ́n ìyẹn bí iná bá wà. Bí iná kò bá sí, tí ẹni tó ni ibi ìṣáàjì tan jẹnẹrétọ̀, lítà dísù kan kì í fún un ju bí yúníìtì mẹ́ta lọ. Bí lítà náà bá jẹ́ ₦1,000, yúníìtì kan ti lé ní ₦330, bátìrì yẹn kò sì ní kún lábẹ́ ₦13,000, kí a tó ka owó ẹ̀rọ, ọ́ìlì àti àtúnṣe. Èrè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì, èéfín tí a ní a fẹ́ lé kúrò lójú títì sì ti kó wọ ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn.

Ẹ tún wo tiransifọ́mà àdúgbò yín. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ 500 kVA, gbogbo ilé tó wà lórí títì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló gbára lé e. Ẹ̀rọ ìṣáàjì kíákíá kan lè fa 50 kW lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mẹ́jọ sí mẹ́wàá irú rẹ̀ yóò gba gbogbo agbára tiransifọ́mà náà, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí iná tan fáànù. Gbogbo iná tí wáyà ìjọba àpapọ̀ tíì gbé rí lọ́jọ́ kan, ní oṣù kẹta ọdún 2025, kò ju mẹ́gáwáàtì 5,801 lọ, fún orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 200. Ní ọdún 2024 nìkan, wáyà yẹn dákú ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Nítorí náà, bí òfin bá pàṣẹ pé kí ilé epo kọ̀ọ̀kan ní ibi ìṣáàjì, mo gbà á, ṣùgbọ́n kí òfin kan náà sọ ẹni tí yóò gbé tiransifọ́mà wá, àti ẹni tí yóò san owó rẹ̀.

Bátìrì àwọn ọlọ́kadà

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́ láìdúró de wáyà ńlá sún mọ́ wa gan-an. Ní Kútọnú àti Lomé, láti 2022, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní M Auto nígbà yẹn, tó ń jẹ́ Spiro báyìí, ti kó ọ̀kadà oníná sí ojú títì. Ọlọ́kadà kì í dúró ṣáàjì. Ó yà sí ibùdó wọn, wọ́n yọ bátìrì tó ti lọ sílẹ̀ lára ọ̀kadà rẹ̀, wọ́n tì í bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan tó ní ojúlé bíi ti àpótí lẹ́tà, wọ́n fa èyí tó kún yọ láti ojúlé mìíràn, wọ́n fi sí i, ó sanwó, ó sì lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Èyí tó fi sílẹ̀ yóò máa gba iná díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kún. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti gbà wọ́n wọlé.

Ètò yìí bá ayé wa mu, nítorí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ń gbé nínú ilé tí yàrá dojú kọ yàrá, tí ènìyàn mẹ́wàá ń lo mítà kan, tí kò sì sí ibi tí a lè so ọ̀kadà mọ́ iná mọ́jú láìjà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tó ń bà mí lẹ́rù. Ilé-iṣẹ́ ló ni bátìrì, ọlọ́kadà ló ni ẹsẹ̀ àti ìdí ọ̀kadà. Bí ilé-iṣẹ́ bá fi owó lé e, kò sí ibòmíràn tí ọlọ́kadà lè yà sí, nítorí bátìrì ilé-iṣẹ́ kejì kò ní bá ọ̀kadà rẹ̀ mu. Ìjọba nìkan ló lè tún èyí ṣe, kí ó sì ṣe é nísinsìnyí tí ọjà náà ṣì kéré: kí gbogbo bátìrì ọ̀kadà tó bá wọ ìpínlẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan, kí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, kí ọlọ́kadà lè yà síbi tó bá wù ú. Bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún bá ti wà lójú títì, kò ní ṣeé ṣe mọ́.

Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń jẹ irú ìyà yìí lọ́nà mìíràn. Ẹni tó ní ilé àti ibi ìgbọ́kọ̀sí tirẹ̀ ní Bìrìtéènì ń san owó orí ìdá márùn-ún nínú 100 lórí iná tó fi ń ṣáàjì nílé. Ẹni tó ń gbé fúláàtì, tó ń wa takisí, tó gbọ́dọ̀ ṣáàjì ní títì, ìdá 20 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń wa ọkọ̀ níbẹ̀ ló wà nínú àwọn ti fúláàtì. Àìdọ́gba nìyẹn, kí a má ṣe kó o wálé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n ṣe tó yẹ kí a kó wálé. Ní 2023, wọ́n ṣòfin pé àwọn ẹ̀rọ ìṣáàjì kíákíá gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ ní ìdá 99 nínú 100 àkókò, pé iye tí yúníìtì kan jẹ́ gbọ́dọ̀ hàn kedere, àti pé káàdì bánkì lásán gbọ́dọ̀ tó láti sanwó lórí wọn. Òfin lásán ni, kò ná ìjọba ní tiransifọ́mà kan. Òun ló ń dáàbò bo ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lálẹ́.

Ibi tí irin àti wáyà ti pàdé

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Mọ́níyà mọ̀ pé òun kò tíì dé Ìbàdàn. Dùgbẹ̀ ṣì jìnnà, Chálẹ́ńjì jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó sọ̀ ní Laderin, níbi tí ibùdó Abẹ́òkúta wà, kò tíì dé àárín ìlú náà. Iye tó bá gbà láti ibùdó délé lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ ojú irin fúnra rẹ̀, nígbà tí ìyá kan bá sì ní ẹrù mẹ́ta àti ọmọ lẹ́yìn, yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó tún wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ìjọba wa kọ́kọ́ fi owó ìṣáàjì sí. Ilẹ̀ gbalasa wà ní ibùdó ojú irin, òrùlé fífẹ̀ wà tí a lè to pánẹ́ẹ̀lì oòrùn lé, iná gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ dandan, èrò sì ń dé ní wákàtí tí a mọ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá oníná àti bọ́ọ̀sì kékeré lè gba iná níbẹ̀ láàárín ọkọ̀ kan sí ìkejì, kí wọ́n sì kó èrò gbogbo lọ sí ìgboro ní owó tó kéré. Bí ọ̀nà àtidélé bá rọrùn, ìjókòó inú ọkọ̀ ojú irin yóò kún. Bí ìjókòó bá kún, yóò rọrùn láti fi ọkọ̀ kún un.

Kò sí àṣẹ tó kù tí a ó máa dúró dè. Òfin Iná ọdún 2023 tẹ̀ lé àtúnṣe ìwé òfin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó gba àbójútó ọjà iná lọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ ní 2024. Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn tẹ̀ lé wọn. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sọ iye tí iná jẹ́ nínú agbègbè rẹ̀. Ó lè yọ owó ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ṣíṣáàjì lóru, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ti pa ẹ̀rọ tí iná sì ṣẹ́ kù. Kenya ti ṣe irú rẹ̀ láti 2023, òru sì dín ju ọ̀sán lọ. Ó lè kọ ìwọ̀n bátìrì ọ̀kadà sínú òfin. Ó lè sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ máa kọ́ àwọn réwáyà wa ní iṣẹ́ mọ́tò oníná, nítorí bí wọn kò bá kọ́ wọn, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá bàjẹ́ ní Ìlọ́ràá yóò wà níbẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi dé láti Èkó. Àwọn réwáyà yìí jáfáfá. Ẹni tó lè wá wáyà tó já nínú mọ́tò àlòkù tí kò ní ìwé kankan, tó sì rí i, kò ní pẹ́ mọ iṣẹ́ bátìrì.

Ní ti irin, kí Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ jọ jókòó. Agbádó wà ní ẹnubodè Èkó àti Ògùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọ Red Line láàárọ̀ jí ní ilẹ̀ Ògùn, wọ́n sì sanwó orí wọn níbẹ̀. Àjọ DAWN wà ní Ìbàdàn, ètò ìdàgbàsókè gbogbo ẹkùn yìí ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ó lè di ibi tí ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò ti kọ ìwé àdéhùn kan pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀: wákàtí tí ọkọ̀ wo ń kọjá, iye tí wọ́n ń san, ẹni tí yóò tún irin ṣe bí ó bá bàjẹ́, àti ọdún tí wọn yóò na wáyà sórí rẹ̀ kí a bọ́ lọ́wọ́ dísù. Káàdì Cowry tí ẹ fi ń wọ ọkọ̀ ní Èkó, kí ó ṣiṣẹ́ ní Mọ́níyà.

Ní oṣù díẹ̀ sí i, àwọn gómìnà yóò gbé ìwé ìsúná lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, àwọn ilé ìgbìmọ̀ náà yóò sì pe gbogbo ará ìlú sí àpérò lórí rẹ̀. Gbogbo wa ni àpérò yẹn wà fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjókòó máa ń ṣófo níbẹ̀. Ẹ lọ. Bí wọ́n bá dárúkọ bọ́ọ̀sì oníná, ẹ béèrè orúkọ tiransifọ́mà tí yóò gbé iná fún un àti àdúgbò tó wà. Bí wọ́n bá dárúkọ ibùdó ojú irin, ẹ béèrè iye ọkọ̀ tí yóò kọjá níbẹ̀ ní wákàtí kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àti bí èrò yóò ṣe kúrò níbẹ̀ lálẹ́. Kí ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì mú un padà lọ lọ́dún tó ń bọ̀.